Ògiri Tí Bàbá Ní Ká Má Kùn

Kò-Kán-Sílẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, orúkọ náà kì í sì í ṣe àpọ́nlé lásán. Pẹ́ńtà ni. Láti ìgbà tó ti kúrò lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ títí irun fi funfun lórí rẹ̀, kò tíì sí ilé tó kùn tí ẹ̀kán ọ̀dà kan bọ́ sílẹ̀ nínú rẹ̀. Ó lè wọ aṣọ funfun lọ síbi iṣẹ́, kó kun pálọ̀ olówó láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, kó sì padà wálé bí ẹni tó lọ kí àna. Àwọn pẹ́ńtà mìíràn a máa tẹ́ ìwé ìròyìn àtijọ́ sílẹ̀ kí ọ̀dà má bàa ba ilẹ̀ jẹ́. Òun kì í tẹ́ nǹkan kan. Bí onílé bá ń ṣàníyàn, á ní kó lọ jókòó, kó fọkàn balẹ̀, pé ara ògiri ló yẹ kí ọ̀dà tí èèyàn fowó rà wà, ẹni tó bá ń dà á sílẹ̀ ń bá ilẹ̀ ṣiṣẹ́ tí ilẹ̀ kò bẹ̀ ẹ́.

Iṣẹ́ ọ̀dà, bó ti máa ń wí fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́, kò sí nínú ọ̀dà rárá. Inú omi àti kànìnkànìn ló wà. Á kọ́kọ́ fọ ògiri bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun, á jẹ́ kó gbẹ, á wá fi ọ̀dà àkọ́kùn pa á, èyí tó ń jẹ́ kí ọ̀dà gidi rí nǹkan dì mú, kó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí agolo tí onílé rà. Ìyẹn ń gba ọjọ́, ọjọ́ sì lówó. Onílé tí kò bá lè dúró, kó wá ẹlòmíràn. Ọ̀pọ̀ ló ti wá ẹlòmíràn, tí wọ́n tún padà wá bá a nígbà tí òjò rọ̀ tí ọ̀dà ẹlòmíràn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí bí ìpẹ́ ẹja.

Àmọ́ ògiri kan wà tí kò fi búrọ́ọ̀ṣì kàn rí, ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ló sì ń sùn. Ògiri iwájú ilé bàbá rẹ̀ ni.

Bíríkìlà ni bàbá náà. Nígbà tó ń kọ́ ilé tirẹ̀, owó tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ kò tó ra ọ̀dà, bẹ́ẹ̀ kò sì fẹ́ kí ilé bíríkìlà wà ní ìhòòhò. Ó po amọ̀ pupa mọ́ ẹfun, ó fi rẹ́ iwájú ilé. Kí ara ògiri tó gbẹ, ó kó ohun èlò inú ilé jáde, ó ń fi wọ́n tẹ̀ ẹ́ lára. Òòyà ìyàwó rẹ̀ ló fi ya ìlà wẹ́wẹ́. Etí abọ́ ìjẹun ló fi tẹ èyí tó rí roboto. Okùn kànga ló fi ṣe èyí tó lọ́ bí ejò. Ní ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, ó yí táyà kẹ̀kẹ́ rẹ̀ gba ara ògiri láti ìpìlẹ̀ dé abẹ́ òrùlé, bí ẹni pé ẹnì kan gun kẹ̀kẹ́ náà lọ sókè ọ̀run. Nísàlẹ̀ pátápátá, ipa bàtà ọmọdé ló tò tẹ̀lé ara wọn láti igun kan dé ìkejì. Bàtà Kò-Kán-Sílẹ̀ ni, nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì gùn ju àtẹ́lẹwọ́ àgbà lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló ń bá bàbá wọn di bàtà náà mú, tó ń tẹ̀ ẹ́, tó ń rẹ́rìn-ín.

Bàbá náà ṣe irú ògiri bẹ́ẹ̀ fún àwọn ẹlòmíràn nígbà ayé rẹ̀. Àwọn ọmọ onílé ti fi sìmẹ́ńtì bo òmíràn, òmíràn sì ti wó. Èyí nìkan ló kù. Kó tó kú, ó ti rí i pé iṣẹ́ ọ̀dà ni ọmọ òun ń kọ́, ló bá pè é. "Gbogbo ilé tí wọ́n bá ní kó o kùn, kùn ún," ó wí. "Èyí ti wọ aṣọ tiẹ̀."

Inú ilé yìí ni òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ padà jọ ń gbé nígbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú tí ọkọ ẹ̀gbọ́n náà sì ti lọ. Ìyá Wọ́ọ̀dù ni àdúgbò ń pe ẹ̀gbọ́n, nítorí olórí àwọn agbálẹ̀ ló jẹ́ ní ilé ìwòsàn ńlá títí ó fi fẹ̀yìn tì. Àwọn dókítà pàápàá a máa nu bàtà kí wọ́n tó wọ wọ́ọ̀dù rẹ̀. Ó ti fẹ̀yìn tì lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìka ọwọ́ rẹ̀ kò tíì fẹ̀yìn tì. Ibi tó bá fẹ́ jókòó sí, á kọ́kọ́ fi ìka gbá etí àga, á gbé e wò. Bí eruku bá wà níbẹ̀, kò ní sọ̀rọ̀. Á kàn wo ẹni tó ni àga.

Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ ni ìgbà tí ìjọba fẹ́ sọ títì di fífẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ títì gbé agolo ọ̀dà pupa wá, wọ́n ń fa ẹ́kìsì sára gbogbo ilé tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún, pé wíwó ni wọn yóò wó wọn. Ti ilé bíríkìlà, ara òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n fà á sí. Kò-Kán-Sílẹ̀ jáde, ó wo àmì náà dáadáa, ó wo bí ọ̀dà ṣe ṣàn gba ara òpó wálẹ̀. Alágbàfọ̀ tí ìsọ̀ rẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ ilé, tí òun náà ti gba ẹ́kìsì tirẹ̀, bi í pé kí ni wọn yóò wá ṣe báyìí. Ó ní òun kò mọ̀, àmọ́ ẹni tó fa èyí kò mọ búrọ́ọ̀ṣì dì mú.

"Wọ́n fẹ́ wólé lé ẹ lórí, ọwọ́ búrọ́ọ̀ṣì lò ń wò," alágbàfọ̀ wí.

"Bí wọ́n bá máa wó mi, kí wọ́n fi iṣẹ́ gidi wó mi."

Ẹgbẹ́ rẹ̀ ni alágbàfọ̀, wọ́n jọ dàgbà ni. Ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ló wúlò jù, nítorí gbogbo ẹni tó bá kó aṣọ wá lọ̀ ló ń kó ọ̀rọ̀ wá pẹ̀lú. Akọ̀wé kan ní ọ́fíìsì tó ń bójú tó ohun àjogúnbá ló sọ fún un pé òfin kan wà: ilé tí wọ́n bá ti kọ sínú ìwé gẹ́gẹ́ bí ohun àjogúnbá ìlú, ìjọba fúnra rẹ̀ kò lè wó o mọ́. Títì ni yóò yà fún un. Bí títì bá sì yà fún ilé kan, àwọn tó tẹ̀ lé e lọ́wọ́ kan náà yóò bọ́ níbẹ̀, nítorí kò sí ẹni tó ń la títì kó máa lọ́ ní ojúlé kọ̀ọ̀kan.

Alágbàfọ̀ kò sùn lé ọ̀rọ̀ náà. Kò gbé e tọ pẹ́ńtà lọ, ẹ̀gbọ́n ló gbé e tọ̀, ó kúkú mọ ẹni tó ń pàṣẹ nínú ilé náà. Ìyá Wọ́ọ̀dù wọ bàtà, ó forí lé ọ́fíìsì. Wọ́n fi í jókòó pẹ́ títí lórí bẹ́ǹṣì kan, lẹ́yìn tó ti nu bẹ́ǹṣì náà tán, kí wọ́n tó ṣàlàyé bó ṣe ń lọ. Onílé yóò kọ̀wé béèrè. Òṣìṣẹ́ yóò wá wo ilé, yóò wọ̀n ọ́n, yóò ya fọ́tò. Wọn yóò lẹ ìkéde mọ́ ẹnu ọ̀nà, kí ẹni tó bá ní ohun tó lòdì sí i wá sọ ọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìgbìmọ̀ yóò fi ojú ara wọn rí i. Bí wọ́n bá gbà, orúkọ ilé yóò jáde nínú ìwé ìkéde ìjọba. Bí wọn kò bá gbà, ó di ọdún mìíràn kéèyàn tó tún lè béèrè, katakata àwọn onítìtì kò sì ní dúró de ọdún mìíràn.

Kò sí ọ̀fẹ́ nínú rẹ̀ náà. Ilé tó bá ti wọ ìwé, onílé kò lè pààrọ̀ fèrèsé láìgbàṣẹ, kò lè gbé òkè lé e, kò lè tà á fún ẹni tó fẹ́ wó o. Ohun tí ìjọba bá bá ọ ṣọ́, ẹ ti jọ ni ín. Ìyá Wọ́ọ̀dù ṣírò rẹ̀ lójú ọ̀nà bó ti ń bọ̀. Ó pẹ́ tí fèrèsé tuntun ti ń wù ú, èyí tó ṣeé nù tinú tòde. Ó gbé fèrèsé sí ọwọ́ kan, ó gbé odindi ilé sí ọwọ́ kejì. Kò tíì délé tó fi mọ ohun tí òun yóò ṣe.

Obìnrin kan ni ọ́fíìsì rán wá. Ọ̀dọ́ ni, ó wọ gíláàsì, ó gbé báàgì sẹ́yìn bí ọmọ ilé ìwé. Kò-Kán-Sílẹ̀ kò sí nílé. Ó ń kun ilé ìwé kan ní ìlú kejì, ibẹ̀ ló ń sùn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló gba àlejò. Obìnrin náà wọn yàrá, ó yọjú wo kànga, ó béèrè orúkọ bàbá àti ìgbà tó kọ́lé, ó lẹ ìkéde mọ́ ilẹ̀kùn. Àmọ́ ibi tó pẹ́ sí jù ni iwájú ilé. Ó dúró níwájú ògiri, ó sún mọ́ ọn, ó sún sẹ́yìn, ó tún sún mọ́ ọn. Alágbàfọ̀ tó ń yọjú láti ìsọ̀ rẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ lójú ẹsẹ̀: Ìyàwó Ògiri. Ìyàwó Ògiri wá fi ìka tọ ipa òòyà lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀, ó gbé ìka náà sínú oòrùn, ó wò ó.

Eruku pupa wà lára rẹ̀.

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó kọ nǹkan sílẹ̀, ó dágbére. Ó ní ìgbìmọ̀ ń bọ̀ láìpẹ́, òun yóò sì ṣáájú wọn dé. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò wá sí i lọ́kàn pé ó yẹ kéèyàn máa sọ fún onílé ohun tó níye lórí nínú ilé rẹ̀.

Ṣùgbọ́n Ìyá Wọ́ọ̀dù kò rí ẹ̀rín. Ìka ló rí. Láti ọdún tó ti ń ṣiṣẹ́, òun ló ń fi ìka wá eruku ẹlòmíràn. Lónìí, àlejò ìjọba fi ìka bá eruku lára ògiri tòun, ó gbé e sókè, ó tún kọ ọ́ sílẹ̀. Kò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà.

Nígbà tí àbúrò rẹ̀ dé, kò tíì sọ àpò kalẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n fi ní kó kun iwájú ilé ní funfun kí ìgbìmọ̀ tó dé. Ó kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni. Ó ní ṣé ẹ̀gbọ́n òun ti gbàgbé ohun tí bàbá sọ ni, pé ògiri náà ti wọṣọ.

"Aṣọ tó wọ̀ ti dọ̀tí," ẹ̀gbọ́n dá a lóhùn. "Gbogbo ilé olówó ìlú yìí lo ti tọ́jú. Ti ibi tí o ti dàgbà ni àlejò á wá fọwọ́ kàn, tí á máa gbọnwọ́."

"Ẹ̀gbọ́n mi, bàbá ní…"

"Bàbá ò mọ̀ pé wọ́n á wá fi ìka wá a wò. Èmi ni mo di bàtà ẹ mú lọ́jọ́ yẹn. Tí bàbá bá wà níbí, òun fúnra ẹ̀ á tún ilé ṣe de àlejò."

Ẹ̀gbọ́n yìí ló tọ́ ọ lẹ́yìn ìyá wọn. Owó ìgbálẹ̀ ló fi san owó ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀, òun ló sì ra búrọ́ọ̀ṣì àkọ́kọ́ tó dì mú. Kò rọrùn láti sọ fún ẹni tó ra búrọ́ọ̀ṣì fúnni pé a kò ní fi kun ilé rẹ̀. Ó ṣí ọ̀dà funfun tó ṣẹ́kù níbi iṣẹ́, ó gun àkàbà.

Ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Kò fọ ògiri náà. Ó mọ̀ pé bí omi àti kànìnkànìn bá kàn án, ọwọ́ bàbá òun ni òun ń fọ̀ dànù. Kò fi àkọ́kùn pa á. Ó ń ki búrọ́ọ̀ṣì bọ agolo, ó ń kùn, ó ń gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tó ń da aṣọ bo òkú. Nígbà tó dé ara òpó, ó kùn yí ẹ́kìsì pupa ká, kò bò ó, nítorí àmì ìjọba ni, ẹni tó bá pa á rẹ́ yóò rí ẹjọ́. Ilé náà wá funfun báláú, ẹ́kìsì sì ń kígbe níwájú rẹ̀. Ìyá Wọ́ọ̀dù jáde, ó fi ìka gbá ògiri, ó gbé e wò. Kò sí eruku. Ó ní kó ṣeun. Alágbàfọ̀ ní ilé náà ti dà bíi nọ́ọ̀sì tó kun ètè lọ síbi iṣẹ́.

Ó ku ọ̀la kí ìgbìmọ̀ dé nígbà tí Ìyàwó Ògiri padà wá. Ó ti ń rẹ́rìn-ín bọ̀ láti òkèèrè. Ó dé iwájú ilé, ó wo ilé tó wà lápá ọ̀tún, ó wo ti apá òsì, bí ẹni tó ṣìnà. Ó wá rí ìkéde tó lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn, ìwé tí òun fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn.

Ìyá Wọ́ọ̀dù ti gbé omi tútù jáde. Ó kí i kú ọ̀nà, ó ní ṣé ó rí i báyìí pé àwọn náà mọ ìmọ́tótó. Obìnrin náà gba omi, kò mu ún.

"Mà, ta ló ní kí wọ́n bo ògiri yẹn?"

"Èmi ni. Ẹ rí eruku lára ẹ̀ lọ́jọ́sí, ojú wá tì mí."

"Eruku?" Ó wo ìka ara rẹ̀, bí ẹni pé ó ṣì wà níbẹ̀. "Irú amọ̀ tí wọ́n lò ni mo fẹ́ mọ̀, mà. Ògiri yẹn ni mo kọ̀wé lé lórí. Yàrá yín, kànga yín, irú wọn pọ̀ nílùú. Ògiri yẹn nìkan ni kò ní èkejì."

Ìyá Wọ́ọ̀dù gba ife omi padà lọ́wọ́ rẹ̀, ó dì í mọ́ àyà, kò mọ ibi tí òun yóò gbé e sí. Ó béèrè bóyá fọ́tò tí wọ́n ti yà kò lè tó. Obìnrin náà ní ìgbìmọ̀ kì í kọ fọ́tò sínú ìwé, ohun tó wà nílẹ̀ ni wọ́n ń kọ. Òun kò lè yí ọjọ́ padà, òun kò sì ní parọ́ fún àwọn tó rán òun níṣẹ́. Bí wọ́n bá bá ògiri funfun lọ́la, ilé funfun lásán ni wọ́n bá, wọn yóò sì máa bá tiwọn lọ. Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́, ṣùgbọ́n kò bu omi là á.

Àwọn onílé tó ní ẹ́kìsì ti ń jáde wá. Alágbàfọ̀ fi àwàdà sílẹ̀ ní ìsọ̀. Kò-Kán-Sílẹ̀ tó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà wọlé, ó mú irin pẹlẹbẹ tó fi ń ha ọ̀dà jáde, ó dojú kọ ògiri. Obìnrin náà fò dìde, ó dúró sí àárín.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Tí irin yẹn bá kàn án, gbogbo ẹ̀ ló máa bá a lọ."

Ẹnì kan ní kí wọ́n fi kẹrosíìnì nù ún. Alágbàfọ̀ ní òun lè gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná wá. Obìnrin náà ní rárá sí gbogbo wọn. Bíbẹ́ orí kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ó ní bí ọ̀dà bá ti wọ ara amọ̀, awọ kan ni wọ́n dì, ẹni bá ń ṣí ọ̀kan ń ṣí èkejì. Àwọn tó mọṣẹ́ náà a máa lo ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ nídìí ògiri kan, nígbà mìíràn kò sì sí ohun tí wọ́n á bá níbẹ̀ mọ́. Ohun tí òun ò tíì mọ̀ ni bóyá èyí ti wọ̀ ọ́ lára.

Kò-Kán-Sílẹ̀ mọ̀. Láti ìgbà tí obìnrin náà ti ń sọ̀rọ̀ ló ti mọ̀, ó sì ń wo ojú àwọn tó yí wọn ká. Ìyá oníbàárà kan wà láàárín wọn tó ti bẹ̀ ẹ́ pé kó wá kun ilé òun lóṣù tó ń bọ̀. Alágbàfọ̀ wà níbẹ̀, tí kì í gbàgbé ọ̀rọ̀. Ohun kan ṣoṣo tó ní láyé ju ilé náà lọ ni orúkọ tí wọ́n ń pè é, orúkọ náà sì ti ń bọ́ ọ láti ìgbà èwe. Ó gbé irin náà sílẹ̀.

"Kò wọ̀ ọ́ lára," ó wí. "Mi ò fọ̀ ọ́. Mi ò fi àkọ́kùn pa á. Orí eruku ni mo kùn ún sí. Iṣẹ́ burúkú ni mo ṣe sára ilé bàbá mi, kò dì mọ́ nǹkan kan. Ẹ dán an wò."

Obìnrin náà ní kí wọ́n bu omi wá. Ó rẹ aṣọ funfun kan, ó fún un, ó fi lẹ igun ìsàlẹ̀ ògiri, ó ń dúró. Gbogbo wọn ń dúró. Nígbà tó ká a kúrò, ó fi èékánná wá etí ọ̀dà náà, ó sì fà á. Ó ṣí wá pẹ̀lú ìrọ̀rùn, bí ìgbà tí ejò bá ń bọ́ awọ. Eruku pupa ló lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, eruku nìkan, eruku tí Ìyá Wọ́ọ̀dù ò lè jẹun nítorí rẹ̀. Ní ibi tó ti ṣí, orí bàtà ọmọdé kan yọ jáde.

Ìyá Wọ́ọ̀dù kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kò fọwọ́ kàn án.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lójú kan náà. Alágbàfọ̀ kó aṣọ ibùsùn àwọn oníbàárà rẹ̀ jáde, ó ní ẹni tó bá béèrè, aṣọ rẹ̀ ṣì wà nínú omi, irọ́ kọ́. Ìyàwó Ògiri pàṣẹ pé kò gbọdọ̀ sí irin, kò gbọdọ̀ sí ọṣẹ, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ nu nǹkan kan. Kí wọ́n lẹ aṣọ, kí wọ́n dúró, kí wọ́n fi èékánná ṣí i. Ìyá Wọ́ọ̀dù ló jìyà jù. Eruku ń dà wálẹ̀ lójú rẹ̀, wọ́n sì ní kó má gbá a. Lọ́pọ̀ ìgbà ni ọwọ́ rẹ̀ ń lọ fúnra rẹ̀, àbúrò rẹ̀ á sì sọ̀ kalẹ̀ wá di ọwọ́ náà mú. Kò-Kán-Sílẹ̀ fúnra rẹ̀ wà lórí àkàbà, ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ bó iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀, ọ̀dà sì ń bọ́ sílẹ̀ ní wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ yí ẹsẹ̀ àkàbà ká. Èyí tí kò kán sílẹ̀ láti ọjọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ wá ń kán lọ́jọ́ kan.

Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, wọn kò tíì parí. Òòyà ti jáde, abọ́ ti jáde, okùn náà ti jáde. Apá òkè ṣì funfun, táyà kẹ̀kẹ́ gun ògiri dé ìdajì, ó sì wọ inú funfun lọ bí ẹni wọ kùrukùru.

Bẹ́ẹ̀ ni ìgbìmọ̀ ṣe bá a lówùúrọ̀. Alága wọn jẹ́ arúgbó tó ń tẹ ọ̀pá, tí kì í yára sọ̀rọ̀. Ìyàwó Ògiri ro gbogbo rẹ̀ fún un, kò fi ọ̀kan pamọ́. Alága béèrè ẹni tó ní kí wọ́n kùn ún, Ìyá Wọ́ọ̀dù ní òun ni. Ó béèrè ẹni tó kùn ún. Kò-Kán-Sílẹ̀ ní òun ni. Alága ní báwo ló wá ṣe bó dáadáa tó báyìí, ó sì di dandan kí pẹ́ńtà tún wí ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, lójú àwọn ènìyàn pàtàkì tó wọ aṣọ kóòtù, pé òun kò ṣe iṣẹ́ òun bó ṣe yẹ.

Alága fi ọ̀pá tọ́ka sí ògiri. "Mo ti rí ilé tí pẹ́ńtà rere bà jẹ́ kọjá àtúnṣe," ó wí. "Èyí ni àkọ́kọ́ tí iṣẹ́ burúkú gbà là."

Wọ́n lọ gbìmọ̀ lábẹ́ ibòji ìsọ̀ alágbàfọ̀, alágbàfọ̀ sì fi ara balẹ̀ lọ aṣọ kan ṣoṣo títí wọ́n fi parí, kí etí rẹ̀ má bàa pàdánù nǹkan. Òun ló kọ́kọ́ gbọ́. Ó gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀, ó jáde sí títì, ó sì mi orí sí àwọn onílé yòókù, bí ẹni tó ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ìgbìmọ̀ gbà. Àmọ́ ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan apá òkè tó kù títí ọ́fíìsì yóò fi rán àwọn tó mọṣẹ́ rẹ̀ wá. Àti pé, bí òfin ti wí, ilé tó bá wọ ìwé gbọ́dọ̀ ní olùtọ́jú kan tí yóò máa jíhìn fún ọ́fíìsì bí nǹkan kan bá yí padà lára rẹ̀. Wọ́n béèrè ẹni tí àwọn yóò kọ. Ìyá Wọ́ọ̀dù nawọ́ sí àbúrò rẹ̀.

Ó pẹ́ kí ìwé ìkéde tó jáde, ṣùgbọ́n ó jáde. Àwọn onítìtì wá pa ẹ́kìsì rẹ́ lára àwọn ilé, Kò-Kán-Sílẹ̀ sì dúró tì wọ́n títí wọ́n fi pa tirẹ̀ rẹ́ dáadáa. Títì yà díẹ̀ níwájú ilé náà, kò sì sí ilé tó wó lọ́wọ́ ọ̀tún. Wọ́n kan pátákó kékeré mọ́ òpó. Ohun tó bá dáa kì í wá lọ́fẹ̀ẹ́, ká sòótọ́. Òrùlé ń jò lọ́dún náà, wọ́n kọ̀wé béèrè àṣẹ láti tún un ṣe, òjò sì ti lọ kí àṣẹ tó dé. Abọ́ ni Ìyá Wọ́ọ̀dù fi ń gbe omi. Fèrèsé tuntun di ohun tí à ń fojú inú rí. Àwọn tó mọṣẹ́ kò tíì dé títí di òní, nítorí náà òkè ògiri ṣì funfun, ìsàlẹ̀ rẹ̀ pupa. Àwọn tó ń wá wo ilé náà rò pé bí bàbá ṣe ṣe é nìyẹn, olùtọ́jú a sì máa já irọ́ náà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Ìyá oníbàárà náà gbé iṣẹ́ rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Alágbàfọ̀ sì ṣe ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé yóò ṣe, ó pààrọ̀ orúkọ. Kò sí ẹni tó tún ń pè é ní Kò-Kán-Sílẹ̀ ní àdúgbò náà. Ó-Bó-Kúrò ni wọ́n ń pè é, tọmọdé tàgbà, àwọn míì ò tilẹ̀ mọ̀ pé ó ní orúkọ mìíràn rí.

Láìpẹ́ yìí, ọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́lé dé ìsọ̀ alágbàfọ̀, ó ń béèrè pẹ́ńtà àgbà kan tí wọ́n júwe fún un. Alágbàfọ̀ ní àbí Ó-Bó-Kúrò ni. Ojú ọkùnrin náà fà ro. Ta ni yóò gbé ilé tuntun fún pẹ́ńtà tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Ó ti ń yí padà lọ nígbà tí ẹnì kan fọhùn láti orí àtẹ̀gùn ilé kejì, níbi tí pẹ́ńtà náà àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó sí níwájú ògiri aláwọ̀ méjì.

"Èmi lẹ̀ ń wá," ó wí. "Ògiri yín, ṣé wọ́n ti fọ̀ ọ́?"